Irúgbìn tó ń retí èéfín: ọ̀rọ̀ Lechenaultia biloba ní igbó jarrah

Igi kékeré kan wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù ilẹ̀ Ọsirélíà, Lechenaultia biloba ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Kò sí ibòmíràn láyé tó ti ń hù fúnra rẹ̀. Bí èèyàn bá gé ẹ̀ka rẹ̀, tó tì í bọ iyanrìn tó tutù díẹ̀, ẹ̀ka náà á ta gbòǹgbò láìpẹ́. Àmọ́ bí ẹni kan náà bá gbin hóró rẹ̀, tó ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, ó lè dúró títí kí ilẹ̀ má yẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí tojú sú àwọn tó fi iṣẹ́ ọ̀gbìn jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ dára, omi wà, ẹ̀mí sì wà nínú hóró náà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Bí wọ́n ṣe wá mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ní kíkún, nítorí mo gbà pé ó wà lára àwọn ìwádìí tó dára jù lọ tí ẹ̀dá ti ṣe nípa ewéko láyé tiwa yìí.

Ibi tí igi náà ń gbé ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. Ìlú Perth wà létí òkun. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀, tó kọjú sí ìlà oòrùn, kò ní pẹ́ tó fi máa gun òkè Darling. Yangí ni ilẹ̀ orí òkè yìí: ó pupa, ó le, òkúta wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀, oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ fún ewéko kò sì tó nǹkan. Igi yukalíptọ́ọ̀sì ló gba ibẹ̀: jarrah, tí pákó rẹ̀ pupa tó sì le, àti wandoo, tí èèpo ara rẹ̀ funfun. Orí wọn kì í pàdé bíi ti igi inú ẹgàn, nítorí náà oòrùn ń rí àyè wọlé dé ilẹ̀. Òjò wọn kò bá tiwa dọ́gba. Ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà tí oòrùn bá wá mú gan-an ni òjò ń dáwọ́ dúró, tí koríko àti ewé jíjábọ́ á gbẹ táútáú, tí iná á sì máa jó igbó.

Abẹ́ àwọn igi wọ̀nyí ni Lechenaultia biloba wà. Kì í sábà ga ju orúnkún lọ. Ewé rẹ̀ kéré, ó rí tín-ínrín, ó sì rọ̀ lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ kò tutù yọ̀yọ̀. Èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kọjá láìmọ̀ títí oṣù Kẹjọ á fi dé. Ìgbà náà ni òdòdó á bẹ̀rẹ̀, á sì máa yọ títí wọ oṣù Kọkànlá. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti aró tí wọ́n ti rẹ aṣọ sí léraléra títí tó fi dúdú. Ti aṣọ tí wọ́n rì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, tí wọ́n yọ, tí wọ́n sì sá sí atẹ́gùn. Àwọn kan dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ewé òdòdó márùn-ún ni, etí ìkọ̀ọ̀kan là sí méjì. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi èékánná ya inú òdòdó náà, á rí ọ̀pá kékeré kan tí orí rẹ̀ ṣe bí ife. Kí òdòdó tó là rárá ni akọ inú rẹ̀ ti da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sínú ife yìí. Kòkòrò tó bá wá mu oje adùn ló máa gbọn ún dànù sára, tó sì máa gbé e lọ bá òdòdó mìíràn. Gbogbo mọ̀lẹ́bí igi yìí, tí wọ́n ń pè ní Goodeniaceae, ló ní ife náà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá máa rí òdòdó yìí mọ̀ pé ó yẹ kí òun wo inú rẹ̀, nítorí àwọ̀ òde nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò.

John Lindley ló kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1839. Robert Brown ti dá orúkọ Lechenaultia sílẹ̀ láti 1810, ó fi ń rántí Leschenault de la Tour, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó bá ọkọ̀ Baudin rìn létí òkun Ọsirélíà. Gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ àná ni. Àwọn Noongar, tó ni ilẹ̀ náà, ti ń gbé láàárín igi yìí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n pín ọdún sí. Djilba àti Kambarang ni òdòdó yìí ń bọ́ sí. Birak, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, ni ìgbà tí wọ́n máa ń ti iná bọ igbó ní abala abala, pẹ̀lú ìmọ̀, láti ṣe ọdẹ àti láti tún ilẹ̀ ṣe. Iná yẹn ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ tí mò ń bọ̀ wá sọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan hóró nígbà tí ẹ̀ka ń ta gbòǹgbò. Òótọ́ ni fún ẹni tó fẹ́ igi méjì sí iwájú ilé. Kì í pẹ́ láyé nínú ọgbà, ọdún mélòó kan ni, àmọ́ onílé á kàn gé òmíràn gbìn. Inú igbó ni wàhálà wà. Láti 1963 ni wọ́n ti ń wa bọ́sáítì, ìyẹn òkúta tí wọ́n ń yọ alumíníọ̀mù lára rẹ̀, nínú igbó jarrah. Wọ́n á gé igi, wọ́n á ha erùpẹ̀ òkè kúrò, wọ́n á wá kó yangí abẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, igbó gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Tí a bá sì ní igbó jarrah, èyí tó pọ̀ jù nínú irú ewéko tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe igi ńlá, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni, àwọn bíi Lechenaultia. Ẹni tó bá gbin igi jarrah nìkan sójú kòtò ti gbin oko pákó, kò tíì dá igbó padà. Ta ló fẹ́ jókòó máa gé ẹ̀ka fún ilẹ̀ tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún hẹ́kítà? Ká tiẹ̀ ní ó ṣeé ṣe, ẹ̀ka ogún tí a gé lára igi kan, igi kan náà ni gbogbo wọn. Àrùn tó bá pa ọ̀kan á pa ogún. Hóró ló ń bí ọmọ tí ara wọn yàtọ̀ síra, hóró náà ló sì kọ̀ tí kò hù.

Wọ́n lo àwọn ọgbọ́n tí àwọn alágbàtọ́ irúgbìn mọ̀. Wọ́n ha ara hóró, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, wọ́n gbé e sínú òtútù. Àwọn irú kan gbọ́. Acacia gbọ́, hovea náà gbọ́, nítorí pé èèpo hóró tiwọn ló le tí omi kò lè wọ̀ ọ́; ooru ló ń la èèpo náà. Ọ̀pọ̀ irú mìíràn kò dáhùn rárá, Lechenaultia sì wà lára wọn. Síbẹ̀ gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló ń rí i pé bí iná bá jó igbó, tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ọmọ ewéko tí ẹnikẹ́ni kò gbìn á bo ilẹ̀ dúdú náà. Iná ni wọ́n fura sí nígbà náà, ìfura yẹn sì tọ̀nà. Ohun tó ṣòro ni pé iná kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ooru wà nínú rẹ̀, ó ń fi eérú sílẹ̀, ó ń ṣí ojú ilẹ̀ fún oòrùn, ó sì ń rú èéfín. Ooru ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbájú mọ́. Èéfín ń gòkè lọ ní tirẹ̀, wọn kò rò pé ó ní iṣẹ́ kankan pẹ̀lú ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀.

Gúúsù Áfíríkà ni ojú ti kọ́kọ́ là. Lọ́dún 1990, J. H. de Lange àti C. Boucher gbé ìwádìí jáde lórí Audouinia capitata, igi kúkúrú kan tó ṣọ̀wọ́n ní agbègbè Cape, tí hóró tirẹ̀ náà kì í fẹ́ hù. Wọ́n jẹ́ kí èéfín ewéko tó ń jó fẹ́ sí ilẹ̀ tí hóró wà, ó sì hù. Cape àti ìwọ̀ oòrùn gúúsù Ọsirélíà jọra gan-an: òjò ìgbà òtútù, ẹ̀ẹ̀rùn líle, ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, iná tó ń padà wá. Ẹni tó bá mọ ìkejì kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ìròyìn yẹn kó dákẹ́.

Àwọn ará Kings Park kò dákẹ́. Páàkì ńlá ni Kings Park, tó tó nǹkan bí hẹ́kítà 400 láàárín Perth, ọgbà ewéko tó wà nínú rẹ̀ sì ti ṣí láti 1965. Kingsley Dixon ló ń darí ìwádìí sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ nígbà náà. Òun àti Shauna Roche, pẹ̀lú John Pate láti Yunifásítì Ìwọ̀ Oòrùn Ọsirélíà, ló gbé iṣẹ́ náà karí. Irinṣẹ́ wọn kò ní ìdíjú kankan. Wọ́n kó ewé àti ẹ̀ka igbó sínú àgbá irin, wọ́n tiná bọ̀ ọ́. Ọ̀pá gígùn kan ló ń gba èéfín náà lọ sínú àgọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá bò, kí ooru tó wà lára rẹ̀ lè tán lójú ọ̀nà. Inú àgọ́ yìí ni wọ́n to àwọn abọ́ erùpẹ̀ tí wọ́n gbin hóró sí. Èéfín á kún ibẹ̀ fún bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé abọ́ jáde, wọ́n á bomi rin ín. Ọ̀pá gígùn yẹn ni mo kà sí ọgbọ́n jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí èéfín bá fi máa dé ọ̀dọ̀ hóró, ó ti tutù. Kò sí ooru níbẹ̀ mọ́, kò sí iná, kò sí eérú. Bí hóró bá hù, kò sí ẹlòmíràn tí a lè bi.

Ọdún 1995 ni èsì wọn jáde. Irú ewéko 94 ni wọ́n dán wò, gbogbo wọn jẹ́ ti ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, gbogbo wọn ló sì ti lórúkọ tẹ́lẹ̀ pé wọn kì í fẹ́ hù. 45 dáhùn sí èéfín. 23 lára wọn jẹ́ èyí tí ẹyọ kan kò hù rárá nínú abọ́ tí wọn kò fi èéfín sí. Lechenaultia wà lára ìdílé àwọn tó ń gbọ́ èéfín, láti ìgbà náà sì ni àwọn alágbàtọ́ irúgbìn ti mọ̀ pé èéfín ni kí àwọn fi jí i. Wọ́n tún gbé e lọ sínú igbó gan-an: wọ́n fi èéfín sí ilẹ̀ tí iná kò jó, wọ́n dúró kí òjò rọ̀, ọmọ ewéko sì hù níbẹ̀ ju ibi tí wọn kò fọwọ́ kàn lọ fíìfíì. Ìyẹn fi hàn pé hóró ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní aṣálẹ̀ kún fún ohun tó ń retí àmì.

Ìbéèrè tó kù ni pé kí ló wà nínú èéfín? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ́míkà ni. Gavin Flematti àti Emilio Ghisalberti ní Yunifásítì Ìwọ̀ Oòrùn Ọsirélíà bá Dixon àti Robert Trengove ṣe é. Dípò kí wọ́n máa wá ọ̀nà nínú èéfín igbó tó ti dàrú, wọ́n jó bébà asẹ́, èyí tó jẹ́ cellulose lásán, ìyẹn èròjà tó di ara ewéko mú, wọ́n sì rí i pé èéfín tirẹ̀ náà ń jí hóró. Èyí mú iṣẹ́ fúyẹ́. Wọ́n pín èéfín bébà náà sí ìpín, wọ́n tún pín ìpín sí ìpín, wọ́n ń fi hóró létúsì àti hóró ewéko ìbílẹ̀ méjì, Conostylis aculeata àti Stylidium affine, yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Lọ́dún 2004 wọ́n kéde ẹyọ kẹ́míkà kan nínú ìwé ìròyìn Science. Kábọ́ọ̀nù, háídírójìn àti ọ́síjìn nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ kódà bí kò bá ju ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan lọ. Lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ Johannes van Staden ní Gúúsù Áfíríkà fi ọ̀nà tiwọn dé ìdí kẹ́míkà kan náà. Karrikin ni wọ́n ń pe ìdílé àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí báyìí, láti inú èdè Noongar, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí hóró fi ń gbọ́ èéfín kan àwa náà nílé. Lẹ́yìn 2010, àwọn onímọ̀ rí èròjà kan nínú ara ewéko, KAI2, tó ń gbọ́ karrikin. Ó ní ọmọ ìyá kan tó ń gbọ́ strigolactone, kẹ́míkà tí gbòǹgbò ewéko ń sun sínú ilẹ̀. Strigolactone yìí ló ń jí hóró Striga, èpò olódòdó tó máa ń so mọ́ gbòǹgbò àgbàdo àti ọkà bàbà, tó ń fa oúnjẹ wọn mu, tó sì ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di aláìní ní ilẹ̀ ọ̀dàn Nàìjíríà. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ti ń ṣe àgbàdo tó lè dúró dè é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 2015, ìwádìí fi hàn pé KAI2 ni Striga pọ̀ sí i nínú ara rẹ̀, tó sì yí padà, tó fi ń gbọ́ òórùn gbòǹgbò àgbàdo. Ohun tó ń sọ fún òdòdó orí òkè Darling pé iná ti kọjá ni èpò yìí sọ di etí tó fi ń dọdẹ. Bí a bá lè jí hóró Striga nígbà tí àgbàdo kò sí lóko, á kú, nítorí kò ní rí ẹni tó máa mu. Iṣẹ́ lórí ìyẹn ń lọ, mo sì ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn mọ̀ pé igbó ibòmíràn wà lára ibi tí ìmọ̀ yìí ti wá.

Èéfín kò yanjú gbogbo nǹkan. Hóró tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí igi lè má dáhùn bó ṣe yẹ. Roche, Dixon àti Pate fi hàn lọ́dún 1997 pé ọ̀pọ̀ irú ní láti kọ́kọ́ pẹ́ nínú ilẹ̀ kí èéfín tó mú wọn. Ìgbà tí a ń lo èéfín náà ṣe pàtàkì. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí a fi èéfín sí ilẹ̀. Bí ó bá ti di ìgbà tí òjò fẹ́ tán, hóró tó bá jí á bá ẹ̀ẹ̀rùn pàdé, oòrùn á sì pa á. Karrikin nìkan kọ́ ló tiẹ̀ wà nínú èéfín. Anigozanthos manglesii, òdòdó pupa àti àwọ̀ ewé tó jẹ́ àmì ìpínlẹ̀ náà, kò gbọ́ ti karrikin. Kẹ́míkà mìíràn, glyceronitrile, ló ń jí i, wọ́n sì rí ìyẹn lọ́dún 2011. Acacia ń béèrè ooru rẹ̀ síbẹ̀.

Lóko gan-an, èéfín ti di irinṣẹ́ ojoojúmọ́. Wọ́n ń fẹ́ èéfín gba inú omi kọjá, wọ́n ń ta omi náà nínú ike, alágbàtọ́ irúgbìn á bù díẹ̀, á fi omi là á, á rẹ hóró sínú rẹ̀ kó tó gbìn. Àwọn tó ń tún ilẹ̀ ìwakùsà ṣe ń fi èéfín sí hóró kí wọ́n tó fọ́n ọn sójú ilẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ tẹnu mọ́. Sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ní òkè pátápátá ni èyí tó pọ̀ jù nínú hóró inú ilẹ̀ wà. Bí ẹ̀rọ bá ha erùpẹ̀ yìí, tí wọ́n sì kó o jọ bí òkìtì, tó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, hóró inú rẹ̀ á kú, kò sì sí èéfín tó lè jí òkú. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń gbé erùpẹ̀ láti ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lọ tààrà sí ojú kòtò tí wọ́n fẹ́ tún ṣe, lọ́jọ́ kan náà bó bá ṣeé ṣe, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n ń fọ táyà ọkọ̀ àti bàtà òṣìṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí Phytophthora cinnamomi, àrùn inú ilẹ̀ tó ń jẹ gbòǹgbò jarrah rà, ń bá ẹrẹ̀ tútù rìn láti igbó kan sí òmíràn. Òjò ìgbà òtútù ibẹ̀ náà ti ń dín kù láti àwọn ọdún 1970. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé abala igbó tí ẹ̀rọ kò tíì dé ni kí a kọ́kọ́ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí iná tó mọ níwọ̀n máa gba ibẹ̀ kọjá ní ìgbà tó tọ́, lọ́wọ́ àwọn Noongar tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.